Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́: Kí Ni Ó Yẹ Kí Ó Wà Nínú Àpò Irinṣẹ́?

Bí ọkọ bá fẹ́ rin ìrìn àjò, ta ni ó ń bá a di ẹrù? Àwa náà ni. Àwa ni a mọ ibi tí aṣọ òtútù wà, àwa ni a sì mọ iye oúnjẹ tí yóò tó lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan àpò irinṣẹ́ alùpùpù, ọ̀pọ̀ nínú wa a gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ ni ó là mí lójú, ojú ọ̀nà náà ni mo sì fẹ́ mú yín gbà lónìí.

Ìkòròdú ni à ń gbé; Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí mi. Nǹkan bí 60 kìlómítà ni ó wà láàárín ìlú méjèèjì. Bàbá Ìbejì ní alùpùpù kan, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀kadà. Bóyá ẹ kò mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Okada Air ni orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, orúkọ ìlú rẹ̀ ni ó sì fi sọ ọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i bí alùpùpù ti ń fò kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ tí ó há sójú pópó, wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ òfurufú pè é. Tiwa kì í gbé èrò. Iṣẹ́ ni ọkọ mi ń gùn ún lọ, òun ni a sì máa ń gùn lọ kí ìyá mi.

Ìrìn àjò tí mo ń wí yìí kì í ṣe ti afẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìyá mi ń lò ti tán, a sì ti ra òmíràn fún un ní Ìkòròdú. Ó ń retí wa ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Ìbejì tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sì to gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ lé e lórí: sípánà méjìlá, òòlù, ayùn tí a fi ń gé irin, píláyà méjì, túúbù titun, irin méjì tí a fi ń ṣí táyà, àti pọ́ǹpù. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n." Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó wọlé lọ sùn. Ìgbà náà ni mo rí i pé kò sí ààyè mọ́ fún ìkòkò titun tí mo rà fún ìyá mi. Mo yẹ inú àpò náà wò. Pọ́ǹpù ni ó gùn jù níbẹ̀, lójú mi òun ni ó sì dàbí ohun tí kò ṣe iṣẹ́ kankan. Mo yọ ọ́, mo tì í sábẹ́ ibùsùn, mo fi ìkòkò sí ipò rẹ̀. N kò sọ fún ẹnì kan.

A fi àwọn ìbejì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, nítorí ẹ̀yìn alùpùpù kì í ṣe ibi tí a ń gbé ọmọ ọwọ́ sí. Agogo kan ọ̀sán ti lù kí a tó gbéra. Bí a ti fi ariwo Ìkòròdú sílẹ̀, àwọn ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí ara wọn, oko ẹ̀gẹ́ àti igi ọ̀pẹ sì gba ipò wọn. A kọjá Adámọ̀, a dé Ìmọ́tà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí wọ́n sì kọ́ láti máa ṣiṣẹ́ lórí tọ́ọ̀nù 32 ìrẹsì ní wákàtí kan. Atẹ́gùn oko ń fẹ́ sí wa lára, inú mi sì ń dùn bí inú ọmọdé.

A kò tíì dé afárá Ìtòíkin nígbà tí ẹ̀yìn alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ̀ọ̀ bí ẹni tí ọtí ń pa. Bàbá Ìbejì rọra dúró. Ìṣó ti gún táyà ẹ̀yìn. Kò fòyà. Ó tú táyà, ó yọ túúbù tí ó bẹ́, ó fi titun sí i, ó sì tì í padà. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sínú àpò. Ó tún nawọ́. Níkẹyìn ó da gbogbo rẹ̀ sórí koríko.

"Ìyá Ìbejì, pọ́ǹpù dà?"

Mo jẹ́wọ́. Kò bá mi wí. Ó wo ìkòkò náà, ó sì wo ojú ọ̀run tí ó ti ṣú. Irinṣẹ́ tí ó wà lórí koríko náà tó kí á fi tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ó lè fẹ́ atẹ́gùn sínú túúbù kan ṣoṣo.

Òjò dé. A ń ti alùpùpù lọ nínú rẹ̀ títí a fi dé abẹ́ àtíbàbà màmá kan tí ó ń sun àgbàdo. Òjò náà ti pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ níbẹ̀: àgbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́, alápatà, gbogbo wa ni a kó ara wa jọ sẹ́bàá iná. Nígbà tí màmá náà gbọ́ ohun tí ó ṣe wá, ó rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sínú abúlé láti wá pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ológeere. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó dé. Pọ́ǹpù kékeré yẹn ni ó gbà wá sílẹ̀, màmá náà kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa ju owó àgbàdo tí a jẹ lọ.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó wọ Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà, kò tíì jẹun láti ọ̀sán, orí sì ń fọ́ ọ. Ó ti lo ọjọ́ méjì láìlo oògùn. Nígbà tí mo gbé ìkòkò síwájú rẹ̀, tí mo sì ròyìn bí ọ̀rọ̀ ti rí, ó lo oògùn rẹ̀ ná, ó mu omi tẹ̀lé e, ó sì wí pé, "Ọmọ mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí ó bá dá ọ dúró sójú ọ̀nà ní alẹ́, gbèsè ni ó ti dì." N kò lè fèsì.

Ìbéèrè mẹ́ta lórí ẹní

Láti ọjọ́ náà, èmi àti Bàbá Ìbejì ni a jọ ń tẹ́ ẹní irinṣẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni a máa ń bi irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ó tó wọ àpò. Èkíní: àìsàn wo ni ó ń wò lójú ọ̀nà tí à ń lọ yìí? Èkejì: ǹjẹ́ ọwọ́ ọ̀kan nínú àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n lò? Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ irinṣẹ́ mìíràn wà nínú àpò tí ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Irinṣẹ́ tí a kò mọ̀ ọ́n lò, ẹrù lásán ni.

Ọ̀nà ni ó ń sọ irú irinṣẹ́ tí a ó dì, ẹ̀rù kọ́. Kunle Adeyanju gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó ní 2022. Ó gbéra ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin, ó sì dé ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, lẹ́yìn tí ó ti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Olábísí Àjàlá, tí orin Ebenezer Obey sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, gun alùpùpù kékeré káàkiri ayé, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1963. Ẹni tí ń lọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹkáníìkì ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì wà ní Ìkòròdú, ó sì wà ní Ẹ̀pẹ́. Ohun tí àwa nílò ni èyí tí yóò gbé wa dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Nítorí náà, òòlù ńlá àti ayùn jókòó sílé.

Ohun tí ó wà nínú àpò wa nìyí:

1. Ti táyà: túúbù kan, irin méjì tí a fi ń ṣí táyà, àlẹ̀mọ́ àti sólúṣọ̀n, àti pọ́ǹpù. Ẹ wo táyà yín kí ẹ tó ra nǹkan wọ̀nyí, nítorí táyà mìíràn wà tí kò ní túúbù, ohun tí a fi ń dí ihò tirẹ̀ sì yàtọ̀.

2. Sípánà tí ó bá nọ́ọ̀tì alùpùpù yín mu. Ẹ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nílé. Nọ́ọ̀tì tí ó di táyà ẹ̀yìn mú máa ń tóbi ju àwọn yòókù lọ, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń gbàgbé. Lẹ́yìn ìdánwò, sípánà méjìlá wa di mẹ́rin.

3. Pílọ́ọ̀gì kan àti sípánà rẹ̀. Bí pílọ́ọ̀gì bá kún fún èédú tàbí tí omi bá wọ̀ ọ́, iná kò ní ta, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú.

4. Irin kékeré tí ó so orí ṣéènì méjèèjì pọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní lọ́ọ̀kì, àti píláyà tí a ó fi tì í. Ohun tí kò tóbi tó èékánná ni, ṣùgbọ́n bí ó bá já bọ́, alùpùpù kò ní rìn.

5. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì kan, fíúsì méjì, gílóòbù iná iwájú kan, àti tọ́ọ̀ṣì.

6. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, téèpù, àti túúbù àlòkù tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já. A lè fi wọ́n so ohun tí ó já, títí a ó fi délé.

7. Ti obìnrin: àkísà, ọṣẹ, omi, aṣọ funfun mímọ́ àti báńdéèjì fún ọgbẹ́.

Ẹ rán an fúnra yín

Ẹ má ṣe kó irinṣẹ́ wúruwùru sínú àpò kan. Mo mú ṣòkòtò kàkí àlòkù Bàbá Ìbejì, mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, mo tẹ́ ẹ bí ẹní, mo sì rán àpò tóótòòtó sí i lára, ìkọ̀ọ̀kan fún irinṣẹ́ kan. Mo fi okùn sí ìdí rẹ̀, kí ó lè ká bí ẹní kí á sì dì í. Irinṣẹ́ kì í kan ara wọn mọ́, kì í pariwo. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ohun kan bá ṣẹ́ kù sílé, àpò rẹ̀ tí ó ṣófo yóò wò yín lójú kí ẹ tó jáde.

Ẹ so ó mọ́ ìsàlẹ̀, sún mọ́ àárín alùpùpù. Ẹrù tí ó bá wúwo lẹ́yìn jù a máa sọ ẹsẹ̀ iwájú di fífúyẹ́, ọwọ́ ìdarí a sì máa gbọ̀n. Ẹ má ṣe gbé irin kọ́ ẹ̀yìn ara yín, nítorí bí a bá ṣubú, orí irin ni ọ̀pá ẹ̀yìn yóò bà lé.

Ohun kan sì wà tí kò gba ìbéèrè mẹ́ta: àṣíborí fún ẹni tí ń gùn ún àti fún ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn. Ní oṣù kìíní 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé e, àwọn ọlọ́kadà kan lọ dé igbá àti agolo ọ̀dà láti fi tan ìjọba jẹ. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í tan ilẹ̀ jẹ bí orí bá gbá a.

Ẹrù ìpadàbọ̀

Bí ẹ bá dé Ẹ̀pẹ́, ẹ jí ní kùtùkùtù, kí ẹ lọ sétí ọ̀sà. Ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá wá ní 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé e kúrò ní Èkó. Ó gbé ibẹ̀ títí di 1862. Títí di òní, Ẹ̀pẹ́ ní àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ àti àwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ọjà ẹja lọ: àrọ̀, ẹ̀pìyà, òbòkún, tútù àti yíyan. Ibẹ̀ ni ìdánwò àwa obìnrin wà! Ẹ ti wọn ààyè ẹja sílẹ̀ láti ilé, kí ó má baà di pé pọ́ǹpù ni a ó tún yọ jù sílẹ̀.

Nígbà tí a padà délé, mo sọ fún Bàbá Ìbejì pé kí ó kọ́ mi bí a ti ń tú táyà. Nínú àgbàlá ni a ti ṣe é, ojú àwọn ará ilé sì ń ṣe mí. Ìgbà àkọ́kọ́ gbà mí ju wákàtí kan lọ, èékánná mi kan sì kán. Ní ìgbà kẹta, mo ṣe é tán láìsí pé ó fọwọ́ kàn án. Àwọn ìbejì pàtẹ́wọ́ fún ìyá wọn. Ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ìkòkò náà wà lọ́dọ̀ ìyá mi, ìkọ́kọrẹ́ ni ó ń fi í sè. Pọ́ǹpù sì wà nínú àpò kìíní tí mo rán, níbi tí ojú yóò ti kọ́kọ́ rí i. Ọ̀nà yóò dára fún yín o.