Òwe Tí Mo Pa Fún Ìyá Ẹlẹ́ja

Lọ́dún 1999, ilé kan náà ni èmi àti ìyá kan tó ń yan ẹja tà jọ ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó. Ijaw ni, ọmọ ìlú Odi ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa. Èmi, ọmọ Abẹ́òkúta, n ò tíì pé ogún ọdún, ohun tí mo mọ̀ ò sì ju pé ọmọ tiwa, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ló wà lórí oyè. (Òwu ni, èmi Ẹ̀gbá Aláké, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìyẹn l'Ájégúnlẹ̀!)

Ìjà Yorùbá àti Ijaw ò tíì tán nílẹ̀ ládùúgbò wa tí a fi gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan pa ọlọ́pàá 12 ní Odi àti àyíká rẹ̀. Ààrẹ kọ̀wé sí gómìnà pé kó mú wọn láàárín ọjọ́ 14. Ọjọ́ ò tíì pé tí ṣọ́jà fi wọ̀lú lọ́jọ́ 20 oṣù kọkànlá. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, díẹ̀ ló kù kí ó má ku ilé kankan lóòró, àfi báǹkì, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà àti ilé ìwòsàn.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo pòwe: "Màmá, ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun."

Ó gbé abọ́ ẹja kalẹ̀. "Ọmọ mi, ìyá tèmi wà ńlé, ojú ẹ̀ ti fọ́. Ta ni kò jẹ́ kó sùn?"

Lọ́jọ́ kẹta ó dìrù, ó ní òun ń wá a lọ. N ò rí i mọ́.

Lọ́dún 2012, Ọbásanjọ́ ṣì ń fi Odi ṣàpẹẹrẹ bó ṣe yẹ ká kojú Bókò Háráámù. Goodluck Jonathan, tó jẹ́ igbákejì gómìnà Bayelsa nígbà náà, dá a lóhùn lórí tẹlifíṣọ̀n: òkú àgbàlagbà, obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n bá níbẹ̀. Lọ́dún 2013 ilé ẹjọ́ ní kí ìjọba san bílíọ̀nù náírà 37.6, bílíọ̀nù 15 ni wọ́n padà fẹnu kò sí.

Àwọn ọlọ́pàá yẹn náà ní ọmọ nílé, ẹ má jẹ́ ká fi bò. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa wọ́n ni lẹ́tà ní kí wọ́n mú, ìlú ni wọ́n sun. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Zaki Biam ní Benue tún gba irú ẹ̀.

Ní ọ́fíìsì wa, tí wọ́n bá ń jiyàn lórí Ọbásanjọ́, owó bílíọ̀nù yẹn ni wọ́n máa ń kà. Èmi kì í sábà dá sí i. N ò bi ìyá ẹlẹ́ja lórúkọ ìyá ẹ̀ rí.