Ìkẹ́ Pẹ̀lú Ìwọ̀n: Ọ̀rọ̀ Lórí Ológbò Ilé Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ológìnní bá jáde nílé, ilé a di ilé èkúté. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò sọ ohun tí ilé yóò dà bí ológìnní bá wà nílé, tó yó, tó jókòó, tó sì sanra débi pé kò lè fo orí àpótí ìjókòó. Ọ̀rọ̀ irú ológbò bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín tán, kó wá fetí sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ológbò kúrò lọ́rọ̀ ẹ̀rín ní apá ibi tí mo ti wá.

Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, láti Ìsẹ̀ dé Èmùré, àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wa. Àgbàdo ń bẹ lájà, gààrí ń bẹ nínú àpò, kòkó gbígbẹ ń bẹ ní igun yàrá. Ibi tí oúnjẹ bá wà, eku kò ní í ṣàì débẹ̀. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ ni ológbò lọ́dọ̀ wa. Eku tó bá pa ni owó oṣù rẹ̀. Ohun tó sì tún ju ọ̀rọ̀ àgbàdo lọ wà níbẹ̀. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ lọ́dún 1969 ní ìlú Lassa tó wà ní ìpínlẹ̀ Borno báyìí, ara eku ló ti ń wá. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá dà sí oúnjẹ lè kó o ran ènìyàn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá wa pààlà wà lára ibi tí àìsàn náà ti ń jà jù ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kó o. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ka ohun tí a lè ṣe kí eku má baà bá wa gbélé, wọ́n ka fífi oúnjẹ sínú ohun tí eyín eku kò lè lu, wọ́n ka dída pàǹtí nù síbi tó jìnnà, wọ́n ka ìmọ́tótó, wọ́n sì ka sísin ológbò mọ́ ọn.

Èmùré ni ilé ìyá tó bí ìyá mi wà. Yèyé ni gbogbo agboolé ń pè é. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, ọ̀dọ̀ Yèyé ni wọ́n rán mi lọ, n kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi parí ní oṣù kẹwàá. Ibẹ̀ ni mo ti bá Àdùkẹ́, ológbò Yèyé. Ẹ kúkú mọ ìtumọ̀ oríkì náà: ẹni tí a ń du láti kẹ́. Orúkọ a sì máa ro ẹni. Yèyé á fún un ní ẹja láàárọ̀. Ìyàwó ilé kejì á ju orí ẹja sí i. Àwọn ọmọ tó ń jẹ àkàrà á bù fún un. Ẹni tó gúnyán á gé òkèlè, á fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rà á lára, á gbé e síwájú rẹ̀. Mo ka iye ọwọ́ tó bọ́ ọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, méje ni. Olúkúlùkù wọn ló sì gbà pé òun nìkan ló ṣàánú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ikùn Àdùkẹ́ ń wọ́lẹ̀. Ó ń rìn bí aboyún tó ru omi. Lóru, bí eku bá ń sáré lájà, Àdùkẹ́ á gbé orí sókè, á wo àjà fún ìgbà díẹ̀, á sì tún orí gbé kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan a rí ihò lára àpò gààrí, a rí ìgbẹ́ eku nínú gààrí náà. Odindi àpò ni a dà nù. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta gààrí yóò mọ̀ pé ìnáwó kékeré kọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ìdílé. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin wá láti Ìkẹ́rẹ́, ó ní, "Yèyé, ẹ má fún un ní nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́rin. Bí ebi bá pa á, yóò rántí iṣẹ́ baba rẹ̀."

Yèyé dá a lóhùn pé, "Ẹ̀dá kan kò ní í febi sùn nínú ilé tí mo bá wà. Ẹ̀yin ọmọ ti lọ tán. Ta ni ẹ fẹ́ kí n máa dáná fún?"

Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọ mẹ́fà ni Yèyé bí, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń fi ìkòkò ńlá dáná. Ọkọ rẹ̀ ti rè ibi àgbà ń rè, àwọn ọmọ ti fọ́n ká sí Èkó àti Àbújá, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń bu oúnjẹ kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti lọ. Oúnjẹ ni Yèyé fi ń bá ológbò náà sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní kó dẹ́kun àtibọ́ ọ, ó ní kó máa gbé ilé láìfọhùn nìyẹn.

Mo gbé Àdùkẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko kan ní Adó. Kílò 6.2 ni ìwọ̀n kà. Dókítà ní kílò 4 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló yẹ egungun tó ní. Ó ní kí n fọwọ́ ra ìhà rẹ̀. N kò rí egungun kan kà, àfi bí mo bá tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó ní bí ara ológbò bá dá pé, ọwọ́ yóò máa kan egungun ìhà lábẹ́ ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́, bí a bá sì wò ó láti òkè, ìbàdí rẹ̀ yóò wọlé díẹ̀.

Mo sọ ìmọ̀ràn ọjọ́ mẹ́rin fún un. Ó mi orí. Ó ní bí ológbò tó sanra bá ṣàdéédé pa oúnjẹ tì fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ọ̀rá ara rẹ̀ yóò rọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹranko náà sì lè kú. Ó ní ebi kọ́ ló ń sọ ológbò di ọdẹ. Ológbò tó yó níwọ̀nba ṣì ń ṣọdẹ, nítorí àbínibí rẹ̀ ni. Ara tó wúwo ni kò jẹ́ kí Àdùkẹ́ lè dìde. Bí a bá fẹ́ kó fọn, kó má ju ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ kan.

Ó tún là mí lóye lórí irú oúnjẹ. Ẹran àti ẹja ni Ẹlẹ́dàá dá ológbò mọ́. Èròjà kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ taurine. Ní 1975 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé bí ológbò kò bá rí i jẹ tó, ojú rẹ̀ á máa bàjẹ́. Ní 1987, wọ́n fi hàn pé ọkàn rẹ̀ náà lè ṣàìsàn nítorí rẹ̀. Kò sí i nínú iyán, kò sí i nínú àkàrà. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ wa sì ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́.

Nígbà tí mo padà délé, a kọ gbogbo ohun tí Àdùkẹ́ ń jẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí a tó dín ohunkóhun kù. Àkọsílẹ̀ náà ya agboolé lẹ́nu. Lẹ́yìn náà mo fọ agolo tòmátì kékeré kan, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún Yèyé. Mo ní, "Yèyé, láti òní lọ, ọwọ́ yín nìkan ni kó ti máa jẹun. Ẹni tó bá ní nǹkan fún un, ẹ̀yin ni kó gbé e wá fún."

Ó yí agolo náà wò. "Ọkọ mi, ṣé èyí ni ènìyàn ń jẹ yó?"

"Yèyé, ènìyàn kọ́ ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì gba agolo. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti ju egungun sí Àdùkẹ́ lójú Yèyé.

Iyán àti àkàrà la kọ́kọ́ mú kúrò. Ẹja ṣàwá tí a bọ̀ láìsí iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà, tí a sì ti yọ egungun rẹ̀, ni Yèyé ń wọ̀n fún un: agolo kan láàárọ̀, agolo kan lálẹ́. Ní ọjọ́ mìíràn, a ó fi ẹran adìẹ tàbí ẹyin bíbọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, agolo náà máa ń kún kọjá ẹnu. Díẹ̀díẹ̀ ló fi di déédéé ẹnu agolo. Omi kì í wọ́n nínú àwo rẹ̀.

Àwọn ọmọ ni kò fara mọ́ ọn, nítorí wọ́n fẹ́ràn láti máa bọ́ ọ. A fún wọn ní iṣẹ́ mìíràn. Mo so ìyẹ́ adìẹ mọ́ okùn ìko, mo ní kí wọ́n máa fà á nílẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, àsìkò tí ológbò ń ṣọdẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àdùkẹ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó na ọwọ́ kan, ó tán. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó ń lé ìyẹ́ náà kiri àgbàlá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yèyé fúnra rẹ̀ ló ronú kan àkàsọ̀ tí a fi ń gun àjà. Ó gbé àwo oúnjẹ sórí àtẹ̀gùn kìn-ín-ní. Bí Àdùkẹ́ bá ti mọ èyí gùn dáadáa, á gbé e sókè sí i.

Ìyá ẹlẹ́ja tó wà ní ìta wa gbà kí n máa gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ ìwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tó bá palẹ̀ ọjà mọ́. Apẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀, a ó yọ ọ́ kúrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ìnáwó òkú àgbà kan wáyé ní agboolé, ohun tó ti fọn tún padà. Síbẹ̀ a kò jáwọ́. Nígbà tí mo ń padà sílé ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹwàá, kílò 4.9 ni. Kò tíì dé ibi tí dókítà wí, ṣùgbọ́n ó ti ń gun àjà. Àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ ni Yèyé ṣílẹ̀kùn tó bá òkú eku lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí Àdùkẹ́ ní oríkì bí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí. A fi ọ̀rá wọ ọwọ́ kí a tó gbé eku náà lọ sin, gààrí sì ti wà nínú ike ńlá onídèérí nígbà náà, nítorí a kì í fi iṣẹ́ ilé odidi lé ológbò kan lórí.

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni Yorùbá ń pe ohun tí kò pọ̀ jù, tí kò sì kéré jù. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: ẹ ó bá wíwọ̀n nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó wọ̀n lẹ́ẹ̀kan kò tíì parí. Ó ní láti tún un wọ̀n. Ọwọ́ méje tó ń du Àdùkẹ́ kẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wò ó nínú wọn. Agolo kékeré ló mú kí Yèyé máa wò ó lójoojúmọ́: ṣé ó jẹ ẹ́ tán, ṣé ìhà rẹ̀ ti yọ, àtẹ̀gùn mélòó ló gùn lónìí. Ìkẹ́ Yèyé kò dín kù. Ibi tó ń gbà ló yí padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ fọwọ́ ra ìhà ológbò ilé yín. Bí ọwọ́ kò bá kan egungun, ẹ má febi pa á, ẹ má sì bínú sí ẹni tó bọ́ ọ. Ẹ wá agolo kan, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ sì fi í lé ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù nínú ilé lọ́wọ́.