Àbẹ̀kẹ́ Mi, Ṣé O Ti Wẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ooru Èkó ò da yín láàmú jù? Àwa wà níbí ní Bẹyẹrúnká n'Íbàdàn. Ìyá àgbà ní kí n kí ọ. Wọ́n tún ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń wẹ̀ lálẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni wàá fi dáhùn. Àmọ́ èmi náà fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tó o ti padà sílé ìwé.

Nígbà tó o wá lo ìsinmi, mo ń wò ọ́. Láàárọ̀, o bu omi sójú, o fọ eyín, o fín lọ́fínńdà sábíyá, ó tán. Tó bá di alẹ́, o gbé fóònù, o sì dùbúlẹ̀. Aṣọ tó o wọ̀ lọ sí Gbági lo fi sùn mọ́jú. Mi ò sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Àárò rẹ ti sọ mí, mi ò fẹ́ fi ìbáwí ba ìsinmi rẹ jẹ́. Jẹ́ kí n wá sọ ọ́ báyìí, ìyá mi.

Mo mọ̀ pé ọ̀lẹ kọ́ ni ọ́. Nígbà tí Ìyá àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn, ta ló ń fa omi ní kànga? Ta ló ń gbé e kaná, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń nu àárín ìka ẹsẹ̀ wọn kí ó má baà rin? Ìwọ náà ni. Ọwọ́ tó tọ́jú àgbàlagbà báyẹn kò ṣàìmọ ìmọ́tótó. Kí ló dé tí o ò fi ṣe ara tìrẹ bẹ́ẹ̀?

O ò lè rántí bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ọ́ ní kékeré. Ìyá àgbà á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọ sórí itan. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn. Wọ́n á fọ abẹ́ ọrùn, wọ́n á fọ abíyá, wọ́n á fọ ibi tí ẹran ti pàdé ẹran. Wọ́n á nà ọ́ lápá, wọ́n á nà ọ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n á wá fi àdín pa ọ́ lára, wọ́n á fi osùn kùn ọ́ lẹ́sẹ̀. Wàá ké, gbogbo agbo ilé á gbọ́. Tí wọ́n bá ṣe tán, oorun tí wàá sùn, àfi ká máa wò ọ́.

Ìgbàgbọ́ kan wà nídìí ìwẹ̀ yẹn. Àwọn àgbà ní bí wọn ò bá fọ ọ̀rá funfun tí ọmọ gbé wáyé kúrò lára rẹ̀ dáadáa, ara rẹ̀ á máa rùn tó bá dàgbà. Títí di òní, bí òórùn ara ẹnì kan bá le ní Ọjà'ba, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú. Wọ́n á ní wọn ò wẹ̀ ẹ́ re. Mi ò fẹ́ kó o gba èyí gbọ́ mọ́. Láti 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n jẹ́ kí wákàtí 24 kọjá kí wọ́n tó wẹ ọmọ tuntun, kí òtútù má baà mú un. Ọ̀rá yẹn gan-an ń dáàbò bo awọ rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, òógùn fúnra rẹ̀ kì í rùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà á sáré kiri Òkè Mápó láti àárọ̀ dalẹ́, òógùn á bò ó, kò ní rùn bí àgbà. Ìgbà téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà ni òógùn mìíràn máa ń jáde lábíyá àti lábẹ́, èyí tó ní ọ̀rá díẹ̀ nínú. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí, tí wọ́n ń gbé lára gbogbo wa, ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ ọ́ dà ló ń rùn. Bí gbogbo ọmọdébìnrin àti ọmọdékùnrin ṣe ń dàgbà nìyẹn. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́fínńdà ò lè kó wọn kúrò, ó kàn ń gorí wọn ni. Omi àti ọṣẹ ló ń gbá wọn lọ. Tó bá dọ̀la, wọ́n á tún ti pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ìwẹ̀ fi jẹ́ ti ojoojúmọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n fi tọ́ wa, àárọ̀ àti alẹ́. O ka nǹkan fún mi lórí fóònù pé àwọn dókítà awọ nílùú òyìnbó ní kò pọn dandan kéèyàn wẹ̀ lójoojúmọ́. Mi ò bá wọn jà. Ìlú òtútù ni tiwọn. Ìwọ ń wọ dáńfó l'Óṣòdì lọ́sàn-án gangan, èjìká rẹ ń kan èjìká ẹlòmíràn. Wẹ̀ láàárọ̀ nítorí àwọn tó o máa bá pàdé. Wẹ̀ lálẹ́ nítorí ara rẹ. Ti alẹ́ yìí ló ń dùn mí jù, torí mo rí i pé òun ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ń pàdánù. Ẹ ń gbé eruku àti èéfín ọjọ́ kan sórí ibùsùn, ẹ wá ń sọ pé oorun ò kun yín.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú àwọn dókítà yẹn ni ti ọṣẹ. Ọṣẹ púpọ̀ máa ń gba ọ̀rá tí Ọlọ́run fi sí awọ. Láàárọ̀, fi ọṣẹ sí abíyá, abẹ́ ọrùn, ìdí àti ẹsẹ̀. Omi tó fún ìyókù. Lójú ara, ìta nìkan ni kó o fọ̀, má ti ọṣẹ bọ inú. Lálẹ́, o lè fi ọṣẹ kan gbogbo ara, kó o ṣàn án dànù dáadáa. Nígbà ọyẹ́, dín ọṣẹ kù, má fi omi gbígbóná wẹ̀, fi òrí pa ara kí omi tó gbẹ lára rẹ tán. Má náwó sórí ọṣẹ tí wọ́n ní ó ń pa kòkòrò. Ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de èròjà 19 nínú irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó ń ṣe é ò rí ẹ̀rí mú wá pé ó dára ju ọṣẹ lásán lọ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ọṣẹ tí mo rí nínú àpò rẹ. Èyí tí wọ́n kọ sí lára pé á mú ara funfun lọ́jọ́ méje. Mo jókòó, mo dì í mú, ọkàn mi gbọgbẹ́. Ta ló sọ fún ọ pé dúdú rẹ ò dára? Orí fóònù lo ti rà á, àbí? Àbẹ̀kẹ́, o kéré nígbà tí àrùn Èbólà wọ Èkó lọ́dún 2014. Òru kan ṣoṣo ni fóònù fi jí gbogbo wa. Wọ́n ní ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu nínú rẹ̀, kí àrùn náà má baà mú wa. Irọ́ ni. Àwọn kan mu ún, ó sì ṣe wọ́n léṣe. Fóònù kan náà ló ń ta ọṣẹ yìí fún ọ. Nínú àwọn kan lára irú wọn, mákúrì ló wà ńbẹ̀, ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe ti fòfin dè é nínú ohun ìpara láti 2020, síbẹ̀ ó ṣì ń wọ ọjà. Jọ̀ọ́, jù ú nù. Tó o bá rò pé owó rẹ máa ṣòfò, màá dá a padà fún ọ.

Mo lọ ra ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ ìyá ọlọ́ṣẹ ní Ọjà'ba nítorí rẹ. Èèpo kòkó ni wọ́n ń sun di eérú. Wọ́n á da omi sí eérú náà kó máa ro kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá gbé omi náà kaná pẹ̀lú àdín, wọ́n á máa rò ó títí á fi dì. Ọṣẹ náà lágbára o. Bíńtín ni kó o bù, má jẹ́ kó wọ ojú.

O ní omi ń wọ́n ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. A mọ ìyà omi níbí náà. Ìsédò Ẹlẹ́yẹlé ti wà láti 1942, ti Aṣejírẹ dé ní 1972, síbẹ̀ kànga ni ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Bẹẹrẹ ṣì gbójú lé. Ìdajì korobá tó fún ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó fọ̀.

Mo ti di ọṣẹ, kànrìnkàn tuntun àti òrí sínú àpò kékeré. Àbúrò bàbá rẹ ń bọ̀ l'Ékòó ní Sátidé, òun ló máa gbé e wá. Bu ọṣẹ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá. Kànrìnkàn ni o ò gbọ́dọ̀ yá ẹnikẹ́ni. Tó o bá lò ó tán, fún omi rẹ̀ dànù, sá a sóòrùn. Tí àpò náà bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tó o bá ti wẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.