Ẹ̀rín Yàtọ̀ sí Yẹ̀yẹ́: Bí Bàbá Méjì Inú Tẹlifíṣọ̀n Ṣe Dá Ìjà Sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, mi ò mọ̀ bóyá ẹ ó yìn mí ni tàbí ẹ ó bú mi. Èyí tó bá wù yín, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òjò ti lé àwọn oníbàárà lọ, àwa bíi méje la sá sínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àǹtí mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Ìdúmọ̀tà tí wọ́n ti máa ń kó fíìmù lọ sí gbogbo Nàìjíríà nígbà kan. Mọ̀lẹ́bí wa kan tó ti London dé ti fi eré kan sínú fíláàṣì fún àǹtí mi. Ó ní eré apanilẹ́rìn-ín ni. Wọ́n ki fíláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n, a jókòó. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí bùọ̀dá rewáyà tó ń bá wa tún iná ṣe fi fò dìde.

"Àǹtí, ẹ pa nǹkan yìí!"

Ni Alhájà tó ń ta léèsì ní iwájú wa bá fèsì pé, "Má pa á o! Èmi ṣì ń rẹ́rìn-ín tèmi."

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń wò. Vicious lorúkọ eré náà. Tẹlifíṣọ̀n ITV ní ìlú Ọba ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde lọ́jọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 2013, ó sì parí lọ́dún 2016. Bàbá arúgbó méjì, Freddie àti Stuart, ló ń gbé inú ilé kan ní London. Kì í ṣe pé wọ́n kàn jọ háyà ilé o. Ọkùnrin tó ń fẹ́ra wọn ni wọ́n, ó sì ti sún mọ́ àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti jọ wà. Òṣèré tí kò fi bẹ́ẹ̀ rọ́wọ́ mú ni Freddie, ṣùgbọ́n yóò máa ṣe bí ọba. Stuart ní tiẹ̀ ní ìyá arúgbó kan tó ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sì tíì ráyè là á yé ìyá náà irú ẹni tí Freddie jẹ́ sí òun, láti ọdún yìí wá. Ajá wọn gbó débi pé wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń mí. Èébú ni wọ́n fi ń jí, èébú ni wọ́n fi ń sùn. Àwọn èrò tó jókòó ní sítúdíò á sì máa rẹ́rìn-ín kèékèé, bí wọ́n ti ń ṣe eré láyé àtijọ́.

Ian McKellen ló ṣe Freddie, bàbá onírùngbọ̀n funfun tó ń mú ọ̀pá dání nínú Lord of the Rings. Derek Jacobi ló ṣe Stuart. Àwọn méjèèjì ló ti gboyè Sir lọ́wọ́ ìjọba wọn, àwọn méjèèjì ló sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọkùnrin làwọn ń fẹ́.

Ó ku ìjà ṣọ́ọ̀bù. Bùọ̀dá rewáyà ní Ọlọ́run kọ irú rẹ̀, ó ní nǹkan téèyàn bá ń fi rẹ́rìn-ín, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa mọ́ ọn lára. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àǹtí mi méjì ní òótọ́ ló sọ. Alhájà ní, "Èmi náà ò sọ pé ó dáa. Mi ò gbàdúrà rẹ̀ fọ́mọ mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn yìí, èmi àti Bàbá Múrí gan-an nìyẹn! Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń sọ pé ọbẹ̀ mi ò dùn. Kí n wá lọ sí Ìbàdàn fọ́jọ́ méjì, kò ní jẹun títí n ó fi dé."

Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ilẹ̀kùn ló yà mí lẹ́nu. Kò gbójú sókè, ó kàn ní, "Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Àwàdà àtijọ́ ni. Ta ló sọ pé gbogbo ọkùnrin tó bá rí bẹ́ẹ̀ ló ń ju ọwọ́ jù ìdí? Wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni." Gbogbo wa yíjú wò ó. Ó tẹjú mọ́ fóònù tó ń tú, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí àwọn ará ìlú Ọba náà ṣe pín nìyẹn nígbà tí eré náà jáde. Àwọn kan ní ó ti gbó, pé irú àwàdà tí wọ́n fi ń tàbùkù àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni wọ́n tún gbé padà. Àwọn kan ní ìgbà wo lẹ tíì rí bàbá arúgbó méjì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe olórí eré, tí wọ́n jókòó sílé ara wọn, tí ẹnikẹ́ni ò lé wọn jáde?

Mo wá jókòó, mo ṣírò. Tó bá sún mọ́ àádọ́ta ọdún ní 2013, a jẹ́ pé nǹkan bí ọdún 1965 ni wọ́n pàdé nínú eré náà. Títí di 1967, òfin ilẹ̀ England lè sọ ọkùnrin méjì sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí wọ́n ṣe nínú yàrá ara wọn. Nínú eré náà, kọ́tìnnì ilé wọn kì í ṣí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé, wọ́n á figbe ta. Àwàdà ni wọ́n fi í ṣe. Ní tèmi o, mo rò ó pé ẹni tó ti bẹ̀rù kí ọlọ́pàá má kanlẹ̀kùn rí, kọ́tìnnì rẹ̀ lè pẹ́ kó tó ṣí.

Lóṣù keje ọdún 2013 ni wọ́n ṣòfin ní ìlú Ọba pé ọkùnrin lè fi ọkùnrin ṣe ìyàwó, obìnrin lè fẹ́ obìnrin. Nínú eré náà, àwọn bàbá méjèèjì ṣègbéyàwó lọ́dún 2015. Lóṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tiwa: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fẹ́ni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó yẹn, ọdún 10 fẹ́ni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Òyìnbó amúnisìn ti ṣe òfin ọdún 14 kan sílẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. Òyìnbó ju tiẹ̀ nù, àwa fi kún tiwa. Lọ́dún 2020 tí Uyaiedu Ikpe-Etim ṣe fíìmù kan lórí obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn, tó pè é ní Ìfé, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò ní àwọn ò ní gbà á láyè. Ẹ ò lè rí i rà ní Ìdúmọ̀tà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òfin kọ́ ló gbé mi dìde. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni.

Ta ni kò rẹ́rìn-ín Bàbá Sàlá rí? Moses Olaiya, tó kú lọ́dún 2018, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Awò ojú ràbàtà, táì ọrùn tó tóbi ju orí lọ, ahun tí gbogbo ayé ń fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n bí eré bá parí, yóò bọ́ awò àti táì sílẹ̀, yóò di Moses Olaiya, yóò gba ilé lọ. Ẹni tí à ń fi ìrìn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò ńkọ́? Ibo ni yóò bọ́ ìrìn náà sí?

Mo mọ̀ ọ́n nítorí mo ti ṣe é. Nígbà tí mo wà lọ́mọ bí ọdún mẹ́sàn-án, bàbá àgbà méjì ń gbé ní ojúlé kan lágbègbè wa, yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀. Ọ̀kan ti fẹ̀yìntì ní wọ́ọ̀fù Àpápá, èkejì jẹ́ télọ̀. Mi ò mọ ohun tó wà láàrin wọn, n kò sì ní sọ ohun tí mi ò mọ̀. Bàbá télọ̀ yìí máa ń rìn jẹ́jẹ́, á máa fi ọwọ́ kan sọ̀rọ̀. Èmi ni mo mọ ìrìn náà ṣe jù láàrin àwọn ọmọdé. Àwọn àgbàlagbà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fún mi lówó kí n fi ra pọfù-pọfù. Lọ́jọ́ kan mo ń rìn ín lọ, ẹ̀rín ṣàdédé dákẹ́. Nígbà tí mo yíjú padà, bàbá náà ló dúró lẹ́yìn mi. Kò bú mi, kò nà mí. Ó ní, "O mọ̀ ọ́n ṣe, ọmọ mi," ó sì wọlé lọ.

Kò pẹ́ tí èkejì rẹ̀ fi kú. Àwọn ẹbí olóògbé ti ìlú wọn dé, wọ́n gbé òkú, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé fíríìjì. Bàbá télọ̀ dúró síta pẹ̀lú máṣíìnì rẹ̀. Ẹ sì mọ Ìsàlẹ̀ Èkó: bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ilé ti kún. Ẹnikẹ́ni ò kí bàbá yìí. Wọn ò mọ ohun tí wọn ó pè é sí olóògbé. Oṣù ò parí tó fi kó lọ.

Nígbà tí mo sọ èyí tán ní ṣọ́ọ̀bù, òjò nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Alhájà ní, "Ẹ ò tiẹ̀ kí i?" Bùọ̀dá rewáyà ló dáhùn, òun tó ní ká pa á. Ó ní, "Ìyẹn ò dáa. Ẹni tó ṣọ̀fọ̀, a máa ń kí i ni." Lẹ́yìn náà ó tún ní kí wọ́n pa eré náà, àǹtí mi sì pa á.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀rín ni Alhájà rín, torí ó rí ara rẹ̀ nínú wọn. Yẹ̀yẹ́ lèmi ṣe, torí mo rò pé mi ò lè rí ara mi níbẹ̀ láéláé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí lẹ rí sí i? Ẹ kọ̀wé sí wa, kódà tó bá jẹ́ èébú.

Bàbá télọ̀ wa, bí ẹ bá ṣì wà láyé, tí ẹnìkan ń ka ìwé ìròyìn yìí sí yín létí: ẹ kú ọ̀fọ̀ o, sà. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kú ọ̀fọ̀.