Rélùwéè Tí Kò Dé Òkè-Ògùn

Rélùwéè kò dé Òkè-Ògùn rí. Láti Èkó ló ti gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tó tún gbéra, ọ̀nà Òṣogbo àti Ọ̀fà ló gbà lọ sí Ìlọrin. Àwa ará Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, ìròyìn rẹ̀ là ń gbọ́. Mo wá pinnu pé n ó kọ́ tiwa sórí tábìlì, kékeré tó jọ òótọ́: ojú irin, ibùdókọ̀, òkè àti ọ̀dàn. Ṣùgbọ́n ta ní í ya àwòrán ohun tí kò fojú rí? Mo wọkọ̀ ní Ṣakí, mo gba Ìṣẹ́yìn, ó di Mọ́níyà.

Mọ́níyà ni ibùdókọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ wà. Irin tó ti ibẹ̀ lọ sí Èkó, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021, gùn tó kìlómítà 157. Mo jókòó ti fèrèsé, mo ń fi bírò ya ohun tí mo ń rí. Mo kíyè sí i pé ọkọ̀ ojú irin kì í pọ́nkè bíi mọ́tò. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, wọ́n á gé e. Níbi tó bá ti kòtò, wọ́n á dí i.

Nígbà tí mo dé Ebute Metta l'Ékòó, mo wọ Jaekel House, ilé onípákó tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí Legacy, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, tún ṣe tí wọ́n sì sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ibẹ̀ ni mo ti ronú kan ìwọ̀n irin. Mìlímítà 1067 ni àlàfo àárín irin àtijọ́. Ti tuntun jẹ́ 1435. Tí a bá fi ọ̀nà 87 pín in, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ rélùwéè kékeré ṣe ń ṣe lágbàáyé, àlàfo irin àtijọ́ á di mìlímítà 12 àti díẹ̀, ọkùnrin gíga á di sẹ̀ǹtímítà méjì. Ṣùgbọ́n kìlómítà 157 yẹn á ṣì ku nǹkan bíi kìlómítà 1.8. Yàrá wo ló gbà á? Ó di dandan kéèyàn yan èyí tó máa kọ́.

Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí mú mi dé ìdí irin àtijọ́. "Ọmọ mi, bẹ̀rẹ̀ kó o wò ó dáadáa."

"Mo ti rí i, bàbá. Orí rẹ̀ ń dán."

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún, ó pọ́n rúsúrúsú. Láàárín irin méjèèjì, níbi tí ẹńjìnnì máa ń dúró sí, ọ́ìlì ti sọ òkúta wẹ́wẹ́ di dúdú.

Ohun tí mo gbé wálé nìyẹn. Páálí ni mo fi gbé òkè ró, mo fi pí-ó-pì bò ó, mo sì jọ erùpẹ̀ pupa Ṣakí lé e lórí. Pòròpòrò tí a fi ń ṣe mọ́tò lọ́mọdé ni mo gé sábẹ́ irin. Mo bẹ àwọn tó ń hun aṣọ òkè n'Ìṣẹ́yìn fún àjákù òwú, mo gé e wẹ́wẹ́, mo pa á láró bíi koríko ìgbà ọyẹ́. Gbòǹgbò tín-ín-rín ló di igi ẹ̀mí àti igi igbá. Gọ́ọ̀mù káfíńtà tí mo fi omi là ló di òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ irin mú. Ẹ̀kán ọṣẹ kan nínú rẹ̀ ló jẹ́ kó wọ àárín wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, kó má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹńjìnnì. Ẹńjìnnì ṣeé rà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Òkè-Ògùn, àfi ẹni tó bá ti rìn ín. Ọ̀fà ló kàn tí mo fẹ́ lọ, kí n lọ wo bí ibùdókọ̀ àtijọ́ ṣe ń gbó.