Stonehenge Orí Òkè Maryhill

Igi ló máa ń bo èèyàn lọ́tùn-ún lósì tó bá kúrò ní Portland, tó ń tẹ̀lé odò Columbia lọ sí ìlà-oòrùn. Omi ń já láti orí àpáta, ibi gbogbo tutù minimini. Àmọ́ bí ọ̀nà ṣe ń jìn ni igi ń dín kù, nígbà tí a sì fi máa rìn tó ọgọ́rùn-ún máìlì, koríko gbígbẹ nìkan ló kù lórí àwọn òkè, ó pọ́n bí awọ kìnnìún. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń wa ọkọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú. Orí afárá tí wọ́n fi orúkọ Sam Hill pè la gbà kúrò ní Oregon bọ́ sí Washington. A gun òkè Maryhill, ohun tí a torí rẹ̀ jáde sì yọ sí wa létí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: òpó ńláńlá tó tò yí ká, tí àwọn mìíràn dùbúlẹ̀ lé wọn lórí.

"Àbúrò, ṣé a ti dé England ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ní London rí, wọ́n sì ti fojú ara wọn rí Stonehenge, àwọn òkúta ìgbàanì tó wà ní England. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wọ inú ẹ̀ ná."

Ti England ti lò ju 4,000 ọdún lọ. Àwọn òkúta rẹ̀ kan ti ṣubú, àwọn kan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ti Maryhill ní tirẹ̀ pé pérépéré, nítorí bí wọ́n ṣe rò pé ti England rí nígbà tó ṣì wà lódindi ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Òpó 30 ló wà lóde, ìkọ̀ọ̀kan ga tó ẹsẹ̀ bàtà 16. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé ọ̀kan, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, ó hunjọ, oòrùn sì ti mú un gbóná. Kọnkéré ni. Òkúta àdúgbò ni Sam Hill tó kọ́ ọ kọ́kọ́ fẹ́ lò, àmọ́ òkúta náà kò dáa tó, ló bá gba kọnkéré onírin. Wọ́n rún páànù, wọ́n tẹ́ ẹ sínú pákó tí wọ́n da kọnkéré sí, kí òpó lè jọ òkúta tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́. Iṣẹ́ tí èèyàn bá fi irú sùúrù yẹn ṣe kì í ṣe ohun ìṣeré.

Ọdún 1857 ni wọ́n bí Samuel Hill ní ìpínlẹ̀ North Carolina, sínú ìdílé Quaker, àwọn onígbàgbọ́ tí kì í jagun. Ó di lọ́yà, ó ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó sì fẹ́ ọmọ James J. Hill tó ni rélùwéè Great Northern. (Hill ni orúkọ bàbá tirẹ̀ náà kó tó di àna wọn.) Ní 1907 ó ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún éékà ilẹ̀ lẹ́bàá odò yìí, ó fi orúkọ Mary ọmọ rẹ̀ sọ ibẹ̀, ó ní kí àwọn Quaker wá dáko síbẹ̀. Òjò kò tó níbẹ̀, wọn ò wá. Ó la títì ọlọ́dà sí ara òkè, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Washington, síbẹ̀ ìlú kò dúró. Iná jó àwọn ilé tó ṣẹ́ kù ní 1958. Ilé ńlá tó kọ́ fún ara rẹ̀ di mùsíọ́ọ̀mù, Ọbabìnrin Marie ti Romania ló wá yà á sí mímọ́ ní 1926 nígbà tí kò tíì parí, ọdún 1940 ni wọ́n tó ṣí i. Ẹ yà síbẹ̀ tí àyè bá wà, àmọ́ orí òkè yìí ni ọkàn mi wà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Hill dé Stonehenge ti England. Wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé èèyàn ni àwọn ará ìgbàanì máa ń fi rúbọ láàárín àwọn òkúta yẹn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó rò ó pé kò tíì sí ohun tó yí padà: àwọn ọ̀dọ́ ayé ṣì ni wọ́n ń kó lọ fún òrìṣà ogun. Ó padà délé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ 4 oṣù Keje, 1918, ni wọ́n ya òkúta pẹpẹ sí mímọ́, ogun ò tíì parí nígbà yẹn. Ọdún 1929 ni gbogbo rẹ̀ tó pé.

Àwọn awalẹ̀pìtàn òde òní kò rí ẹ̀rí pé torí ìrúbọ èèyàn ni wọ́n ṣe kọ́ ti England. Ohun tí wọ́n rí ni eegun òkú tí wọ́n ti sun kí wọ́n tó sin ín, àti pé òpó náà kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ nígbà tí ọ̀sán bá gùn jù lọ́dún. Ìtàn tí wọ́n sọ fún Hill kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó sọ nípa ogun kò ní irọ́ kankan nínú, mo sì gbà pé òun gan-an ló mú kí àwòkọ yìí ní iyì ara rẹ̀.

Orúkọ ọmọ ogun 14 wà lára àwọn òpó, gbogbo wọn ará àgbègbè Klickitat tí Maryhill wà, tí Ogun Àgbáyé Kìíní pa. Àwọn tó ń gbé lágbègbè yẹn kò pọ̀. Kò lè sí ilé tí kò mọ ẹnì kan nínú wọn. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ sókè, ọmọ náà ń fi ìka tọ lẹ́tà orúkọ kan. Ẹ̀gbọ́n mi lọ láti òpó dé òpó, wọ́n ń pe orúkọ náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò kánjú. Lẹ́yìn náà a sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi sàréè tó kọjú sí odò, ti Hill tó kú ní 1931. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni ìrántí mìíràn wà, ti àwọn ọmọ Klickitat tí ogun ẹ̀yìn ìgbà náà pa.

"Àwọn tó lọ láti ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bí a ṣe ń padà sínú ọkọ̀.

Nínú ogun kan náà, àwọn sójà Nàìjíríà jà ní Kamẹrúùnù àti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ sí Bọ́mà. Ìlú mélòó nílẹ̀ wa ló lè dárúkọ àwọn tirẹ̀ tí kò padà wálé? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà agbo ilé yín nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà, orúkọ agbo ilé rẹ̀ àti ogun tó lọ, kí ẹ sì gbé ìwé náà lọ sí ààfin tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó wà nílùú, níbi tí ọmọdé ti lè rí i kà.