Dùùrù Onígi àti Dùùrù Oníná: Ọwọ́ Ni Ó Mọ Ìyàtọ̀ Wọn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ́ èyí tí àwọn òbí a máa bi mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bí ìsìn bá parí, tí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi náà a sì máa bi mí bí a bá pàdé lọ́jà Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọn a ní, "Tíṣà, ọmọ mi fẹ́ kọ́ dùùrù. Ṣé píánò onígi ni kí n wá fún un ni, tàbí kíbọ́ọ̀dù oníná yìí náà ti tó?" Láìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà dé inú ìgbìmọ̀ ìjọ wa pẹ̀lú. Àwọn kan ní kí a gbé píánò àtijọ́ tí ó wà nínú gbọ̀ngàn tà fún káfíńtà, kí a fi owó rẹ̀ kún owó kíbọ́ọ̀dù tuntun. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tẹ méjèèjì, nítorí náà ó yẹ kí n sọ ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ nípa wọn.

Bí ẹ bá dijú, tí ẹnìkan sì tẹ ohùn kan ṣoṣo lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó lè ṣòro fún yín láti mọ èwo ni èwo. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí ohùn píánò gan-an ni àwọn tí ó ṣe kíbọ́ọ̀dù gbà sínú ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gba orin sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó tì í mọ̀. Etí lè ṣì í gbọ́, ọwọ́ kì í ṣì í mọ̀.

Ará Ítálì kan, Bartolomeo Cristofori, ni ó ṣe píánò àkọ́kọ́ ní ìlú Florence ní nǹkan bí ọdún 1700. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe, ti ọdún 1720, ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York títí di òní. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ dùùrù olókùn tí wọ́n ń lò nígbà náà a máa já okùn ta ni, bí a ti ń fi èékánná ta okùn gìtá. Ì báà jẹ́ jẹ́jẹ́ ni o tẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ tagbáratagbára, bákan náà ni yóò máa dún. Cristofori fi òòlù lu okùn. Bí ọwọ́ bá rọ̀, ohùn a rọ̀. Bí ọwọ́ bá le, ohùn a le. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń pè é ní "piano e forte" ní èdè Ítálì, èyí tí í ṣe "jẹ́jẹ́ àti kíkan".

Píánò òde òní ní ibi títẹ̀ 88 tí ó tò bí eyín lẹ́nu, funfun 52, dúdú 36. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, eyín ni n óò máa pè wọ́n. Wáyà tí ó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bí 230, nítorí ọ̀pọ̀ ohùn ni ó ní wáyà méjì tàbí mẹ́ta. Ìfà gbogbo wáyà wọ̀nyí lápapọ̀ ju tọ́ọ̀nù 15 lọ, irin ńlá ni wọ́n sì ta wọ́n mọ́, nítorí igi nìkan kò lè gba irú ìfà bẹ́ẹ̀. Bí o bá tẹ eyín kan, yóò gbé òòlù onígi kékeré kan sókè, èyí tí a fi aṣọ onírun àgùntàn tí ó nípọn wé lórí. Kí òòlù náà tó dé ara wáyà, eyín náà yóò ti jọ̀wọ́ rẹ̀, òòlù yóò fò lọ fúnra rẹ̀, yóò lu wáyà, yóò sì padà wálẹ̀. Ó dà bí òkò. Kí òkò tó kúrò lọ́wọ́ rẹ ni o lè pinnu bí yóò ti lọ. Bí ó bá ti kúrò, ó di ọ̀rọ̀ òun àti ẹyẹ.

Ìwúwo òòlù yìí ni ìka ń gbọ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gúnyán mọ ohun tí mo ń wí: ọmọ odó a máa sọ fún ọwọ́ bí iṣu inú odó ti le sí tàbí bí ó ti rọ̀ sí. Bákan náà ni píánò ń dá ọwọ́ lóhùn. Bí o bá rọra tẹ eyín rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ìka rẹ yóò gbọ́ ibì kan tí ó kọ́ díẹ̀ kí òòlù tó lọ. Ibẹ̀ ni àwọn atẹdùùrù ti ń rí ohùn jẹ́jẹ́ mú jáde.

Kíbọ́ọ̀dù kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí wáyà nínú rẹ̀ tí a ó lù, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní òòlù. Sípíríǹgì tàbí rọ́bà ni ó ń gbé eyín rẹ̀ padà sókè. Ibi ìfarakanra méjì ni ó wà lábẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan: bí eyín bá ti ń lọ sílẹ̀, yóò kan ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà yóò kan ìkejì. Ẹ̀rọ yóò ka àkókò tí ó wà láàrin méjèèjì. Bí àkókò náà bá kúrú, yóò mú ohùn kíkan jáde; bí ó bá gùn, yóò mú ohùn jẹ́jẹ́ jáde. Àwọn olówó pọ́ọ́kú mìíràn kò tilẹ̀ ń ka àkókò kankan, bí o ti wù kí o tẹ̀ wọ́n, ohùn kan náà ni. Àwọn mìíràn sì wà tí ó wọ́n jù, tí wọ́n fi òòlù kékeré tí kò lu ohunkóhun sí lábẹ́ eyín, kí ọwọ́ lè gbọ́ ìwúwo. Àwọn wọ̀nyí ni ó súnmọ́ píánò jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìyàtọ̀ yìí ti lè kan ayé ọmọ. Ọmọbìnrin kan wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ. Ọdún mẹ́rin ni ó fi kọ́ orin lórí kíbọ́ọ̀dù eléyín 61, ó sì mọ ìwé orin kà ju ọ̀pọ̀ àgbà akọrin lọ. Ní ọdún 2017, ó lọ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ orin kan ní Èkó. Píánò ńlá ni wọ́n ní kí ó tẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ orin náà jẹ́jẹ́ ni, ó sì fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ tẹ̀ ẹ́ bí ó ti ń ṣe nílé. Nínú ohùn mẹ́ta, ọ̀kan kò dún rárá, nítorí òòlù kò rí agbára tí yóò fi dé ara wáyà. Ẹ̀rù bà á, ó fi agbára tẹ̀ ẹ́, ohùn bú jáde bí ààrá. Kí ó tó dé ojú ewé kejì, ọrùn ọwọ́ ti ń ro ó. Wọ́n ní kí ó lọ, kí ó padà wá lọ́dún tí ń bọ̀.

Ìyá rẹ̀ mú un tọ̀ mí wá pẹ̀lú omijé lójú. Ó ní, "Tíṣà, ṣé gbogbo owó tí mo ti ná láti ọdún mẹ́rin yìí ṣòfò ni?" Mo ní, "Ìyá, kò ṣòfò. Orí ọmọ yín ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ni ó kù." Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ó ń gun ọ̀kadà wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó láti jókòó ti píánò àtijọ́ wa. N kò kọ́ ọ ní orin tuntun kankan. A kàn ń tẹ ohùn kan, jẹ́jẹ́, títí ìka rẹ̀ fi mọ ibi tí òòlù ti ń kúrò. A sì kọ́ bí a ti ń jẹ́ kí apá fúnra rẹ̀ wúwo, dípò kí ìka máa jìjàdù. Ní ọdún kejì, wọ́n gbà á wọlé. Píánò tí wọ́n ní kí a tà fún káfíńtà yìí náà ni o, ẹ̀yin ará.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ ba kíbọ́ọ̀dù lórúkọ jẹ́. Igi ni píánò, igi a sì máa wú. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó mọ bí ilẹ̀kùn ti ń há nígbà òjò. Bákan náà, nígbà òjò, pákó inú píánò a wú, ohùn rẹ̀ a gòkè. Nígbà ọyẹ́, a gbẹ, ohùn rẹ̀ a sì wálẹ̀. Ó yẹ kí a máa tún ohùn rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kò sì pọ̀ lágbègbè wa. Ikán fẹ́ràn igi rẹ̀, eku fẹ́ràn aṣọ onírun inú rẹ̀. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ odò, ní àgbègbè Ogun Waterside, láti Abigi dé Ìwọpin dé Màkún-Omi, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ tọ̀sán-tòru. Wáyà yóò dípẹtà níbẹ̀ kíákíá. Píánò tí ó wúwo tó 200 kìló ńkọ́? Ta ni yóò gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi? Kíbọ́ọ̀dù tí kò sábà tó kìló 10, ọmọdé lè gbé e sórí itan nínú ọkọ̀.

Oore mìíràn tún wà lára kíbọ́ọ̀dù. Bí ìyá ìjọ bá dá orin ní ohùn tí ó wù ú, a ó tẹ bọ́tìnnì kan, ohùn yóò bá tirẹ̀ dọ́gba. Èdè wa pẹ̀lú jẹ́ èdè olóhùn: ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. T. K. Ekundayo Phillips, ẹni tí ó jẹ́ atẹdùùrù àgbà ní Cathedral Church of Christ ní Èkó láti 1914 títí di 1962, kọ ìwé Yoruba Music ní 1953 láti fi hàn bí ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ti gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Ẹni tí ń kọrin a máa yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn, dùndún náà a máa yọ́ bẹ́ẹ̀. Píánò kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú kíbọ́ọ̀dù ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan lọ́wọ́ òsì tí a fi ń fa ohùn sókè tàbí sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń lù ú lóde ìnáwó mọ̀ ọ́n lò dáadáa, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń jẹun.

Síbẹ̀, píánò ní ohun tirẹ̀. Bí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ ohun ìtẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo wáyà yóò di òmìnira. Bí o bá lu ọ̀kan, àwọn mìíràn yóò máa dá a lóhùn. Pákó yóò gbọ̀n, ilẹ̀ yóò gbọ̀n, ìjókòó rẹ yóò gbọ̀n. Ti kíbọ́ọ̀dù, inú sípíkà ni ohùn ti ń wá, ó lè wà ní igun yàrá tí o kọ ẹ̀yìn sí. Akin Euba, tí ó kú ní 2020, kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí dùndún ní Yunifásítì Legon ní 1974, ó sì kọ orin fún píánò bí ẹni pé ìlù ni. Ó tọ̀nà. Ohun tí a ń lù ni píánò, ẹni tí ó bá mọ ìlù lù yóò tètè mọ ọ̀nà rẹ̀. Bí iná bá sì lọ láàrin àìsùn òkú, píánò kò ní dákẹ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, kí ó ra kíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kí ó rí i dájú pé ó mọ ìyàtọ̀ láàrin títẹ̀ jẹ́jẹ́ àti títẹ̀ kíkan. Ẹni tí ó bá lè fi díẹ̀ kún un, kí ó wá èyí tí eyín rẹ̀ pé 88 tí ó sì wúwo. Ọmọ tí yóò bá lọ ṣe ìdánwò lórí píánò, kí òbí rẹ̀ wá píánò fún un láti máa tẹ̀, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ìjọ tí ó bá ní píánò àtijọ́, kí ó má ṣe yára tà á. Kí ó pe ẹni tí yóò tún un ṣe wò ná, kí ó gbé e jìnnà sí ògiri tí omi ń yọ lára rẹ̀, kí ó sì máa lé ikán.

Ìgbìmọ̀ wa ti gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ dá owó kíbọ́ọ̀dù, a sì ń fi í ṣe ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Píánò wà nínú gbọ̀ngàn, a ti tún mẹ́sàn-án nínú òòlù rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Atẹdùùrù kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó.